Kíláàsì Tó Ń Kọ́ Ẹ̀kọ́ Kan Ṣoṣo

Gbogbo ọmọ tó ti gba ilé-ìwé yẹn kọjá ló mọ ìró bàtà Bàbá Fúlísítọ́ọ̀pù. Bàtà aláwọ dúdú ni, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ le bí igi, ọkùnrin náà kì í sì í fi í rìn lásán. Iṣẹ́ ló fi ń ṣe. Bó bá kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan sójú pátákó, tó kà á dé òpin, á gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, á fi kilẹ̀: gbì! Fúlísítọ́ọ̀pù nìyẹn. Bó bá jẹ́ kọ́mà ló kàn, á fa èémí sínú, èjìká rẹ̀ á gòkè, àwọn ọmọ náà á fa tiwọn. Bó bá sì jẹ́ àmì ìbéèrè ni, á gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tí wọ́n ń parọ́ fún, tó sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní ọ̀nà méjì. Gbólóhùn tó bá máa wọlé lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè méjì: ta ni, kí ló sì ṣe? Á kọ "The man" sójú pátákó, á yíjú sí kíláàsì, á káwọ́ sẹ́yìn.

"Ọkùnrin náà. Ó dáa. Mo ti rí i. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó dé fìlà. Kí ló wá ṣe? Àbí ó wá wò wá lójú lásán ni?"

Àwọn ọmọ á bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan á ní ó jẹun, òmíràn á ní ó sáré, òmíràn á ní ó ṣubú. Bàbá á kọ ọ́ pé "The man fell." Á kà á síta, á sì fi ẹsẹ̀ kilẹ̀. Ọmọ tó bá kọ gbólóhùn dé ìdajì tó fi í sílẹ̀, kò ní nà án. Á kàn bi í pé, "Ṣé bí ìyá rẹ ṣe máa ń se oúnjẹ dé ìdajì nìyẹn, tó sì máa ń gbé e kalẹ̀ fún yín?" Ojú á ti ọmọ ọ̀hún, á sì lọ parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn tó kọ́ lọ́nà yìí ti di dókítà, wọ́n ti di lọ́yà, àwọn mìíràn kò di nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tó ń kọ ìwé tí kò ní fi àmì sí ìdí gbólóhùn.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ń kọ́ni ní ìṣirò nínú yàrá tó tẹ̀ lé tirẹ̀. Pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi pín yàrá méjèèjì. Bí ẹnì kan bá sín níhìn-ín, wọ́n á kí i ní pẹ̀lẹ́ lọ́hùn-ún. Nítorí náà, ìró bàtà bàbá máa ń wọ inú ìṣirò ọmọ. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti ń fi fúlísítọ́ọ̀pù sídìí ìdáhùn ìṣirò, tí wọ́n á ní méjì àti méjì jẹ́ mẹ́rin, tí wọ́n á sì tẹ àmì sí i ní ìdí kó má baà sá lọ. Àǹtí Ìṣirò, bí gbogbo ilé-ìwé ṣe ń pè é, ti pariwo títí ó ti rẹ̀ ẹ́. "Ẹ lọ bá bàbá mi," ló máa ń wí, "àwọn ló bà yín jẹ́." Ṣùgbọ́n ẹni bá wo ojú rẹ̀ dáadáa nígbà tó bá ń sọ ọ́, á mọ̀ pé inú rẹ̀ ń dùn.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń gbé. Ìyá ti kú, ìgbéyàwó ọmọ sì ti túká kó tó bímọ, bẹ́ẹ̀ ni ilé kò fi ní ju bàbá àti ọmọ lọ. Láràárọ̀ ni wọ́n jọ ń rìn lọ sí ilé-ìwé, bàbá níwájú, ọmọ lẹ́yìn pẹ̀lú àpò ìwé àwọn méjèèjì. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́nà. Àwọn tó ti gbọ́ra wọn yé kì í da ara wọn láàmú pẹ̀lú ọ̀rọ̀.

Sáà tí à ń sọ yìí bẹ̀rẹ̀ bí sáà gbogbo ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tuntun wọ kíláàsì ìgbẹ̀yìn, kíláàsì tó máa ṣe ìdánwò àṣejáde, Àǹtí Ìṣirò sì gbọ́ ọ láti inú yàrá tirẹ̀ pé "The man" ti dé sẹ́nu ọ̀nà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọkùnrin náà ṣì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ mìíràn tẹ̀ lé e, kò tíì kúrò níbẹ̀. Ó yẹ kó ti máa gbọ́ èémí kọ́mà báyìí, kò gbọ́ ọ. Gbì, gbì, gbì nìkan ló ń gbọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó ní láti jẹ́ pé orí àwọn ọmọ ọdún yìí le ni, bàbá sì ń tún un ṣe fún wọn.

Bẹ́ẹ̀ nílé, àwọn nǹkan kan wà tó ń rí tó sì ń gbé mì. Bàbá wẹ̀ tán láàárọ̀, ara rẹ̀ kò tíì gbẹ, ó tún gbé garawa, ó ní òun ń lọ wẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó bi í pé ìyá rẹ̀ dà, kó sì tó rí èsì fọ̀, ó ní, "Á, mo ti gbàgbé," bí ẹni tó gbàgbé agboòrùn síbì kan. Àǹtí Ìṣirò ní ọjọ́ ogbó ni. Ta ni kì í gbàgbé? Òun pàápàá ti wá awò ojú rẹ̀ káàkiri ilé rí nígbà tó wà lójú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tan ara rẹ̀ jẹ kì í wá àwáwí tì.

Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní iṣẹ́, ó jáde, ó yí gba ẹ̀yìn, ó sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá bàbá rẹ̀ níbi tí wọn kò ti lè rí i. "The man" wà lójú pátákó. Bàbá káwọ́ sẹ́yìn.

"Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó dé fìlà. Kí ló wá ṣe?"

Ọwọ́ sọ sókè yàà. Kíláàsì tí orí rẹ̀ le kọ́ nìyẹn. Kíláàsì tó gbọ́n ni. Ojú wọn ń dán, wọ́n ń rẹ́rìn-ín síbi tó yẹ kí wọ́n ti rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé àsè ni wọ́n gbé ka iwájú wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Bàbá na ọwọ́ sí ọmọkùnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ.

"The man the house, sà," ni ọmọ náà wí.

"Ọkùnrin náà ilé náà?" Ojú bàbá tàn. "Kí ló fi ilé náà ṣe? Ṣé ó gbé e jẹ ni?"

Kíláàsì hó. Bàbá wá fara balẹ̀, ó tún un ṣe fún ọmọ náà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì kọ ọ́ sókè pé "The man saw the house." Ó fi ẹsẹ̀ kilẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi tó fi ń fọwọ́ nu ẹ̀fun lára ṣòkòtò. Ọmọkùnrin náà jókòó, ó tẹ̀ síwájú sí ọmọbìnrin tó wà níwájú rẹ̀, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́bàá fèrèsé gbọ́ ọ: "Ìwọ lo máa ṣì í lọ́la o."

Àǹtí Ìṣirò padà sí yàrá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde fún ìsinmi, ó pe olórí kíláàsì náà sí abẹ́ igi, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọrùn rẹ̀ gùn, tó máa ń dúró gbọn-in bí ẹni tí wọ́n fi òpó ṣe. Kò fọ̀rọ̀ gùn.

"Ẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í fún Bàbá. Kí ló dé?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. "A máa ń pín in ni, mà. Ẹnì kan lójúmọ́. Tí gbogbo wa bá gbà á, Bàbá kì í mọ nǹkan tó kù tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n á kàn dúró. Wọ́n á máa wo ẹ̀fun ọwọ́ wọn. Ó máa ń ṣe wá bákan, mà."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò sọ fún wọn pé wọ́n ti kọ́ yín lánàá?"

Ọmọ náà gbójú sókè, ó wò ó bí ẹni pé ó ní kó lọ gbá àgbàlagbà létí. "Èmi, mà? Kí n wo ojú Bàbá, kí n ní, 'Ẹ ti sọ ọ́ lánàá'? Bàbá mi àgbà náà máa ń sọ ìtàn kan ṣoṣo nílé. Màmá mi ní tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, ká jókòó, ká máa ní 'ẹn-ẹ́n', bíi pé a ò gbọ́ ọ rí. Ohun tí mo sọ fún kíláàsì nìyẹn. Gbogbo wọn ni wọ́n sì ti ń ṣe irú ẹ̀ nílé wọn."

"Ìdánwò ńkọ́?"

"A mọ̀, mà."

"Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ó ń bà wá, mà," ni ọmọ náà wí, ó sì ní kí Àǹtí jọ̀ọ́, kí wọ́n má sọ fún ọ̀gá àgbà, torí wọ́n á lé Bàbá.

Ẹ ò rí nǹkan? Kò sí ẹni tó lè bá àwọn ọmọ yìí wí. Ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n kọ́ wọn ni wọ́n ń tẹ̀ lé, ẹ̀kọ́ tó dára tí gbogbo wa ń yangàn pé a ní. Òun náà ló sì fẹ́ fi wọ́n jó níná. Ẹni tó bá já ìdánwò yẹn, ilé-ìwé ti parí fún un nìyẹn. Àwọn òbí wọn kì í ṣe ẹni tó ní ibòmíràn tí wọ́n á gbé wọn lọ. Bí Àǹtí Ìṣirò bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gba pátákó lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, kò sì mọ ohun tó máa kù nínú ọkùnrin náà bí wọ́n bá gba pátákó lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá dákẹ́, ogójì ọmọ á ṣègbé nítorí ọkùnrin kan. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ó gbìyànjú láti wá ọ̀nà kẹta, bí gbogbo wa ti máa ń ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì ní bòńkẹ́lẹ́ nígbà tí wọ́n bá wá sí yàrá rẹ̀ kọ́ ìṣirò. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí bàbá má baà gbọ́ ọ láti ìhà kejì. Ó kọ́ wọn ní kọ́mà, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń so gbólóhùn méjì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìṣirò kọ́ ló mọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń ṣì í, tirẹ̀ yìí kì í sì í ṣe àmọ̀ọ́mọ̀ṣì. Lálẹ́ á fọgbọ́n bi bàbá rẹ̀ léèrè ibi tí kọ́mà ti yẹ kó wà, bàbá á ṣàlàyé rẹ̀ fún un kedere, kò ní fo ẹyọ kan. Nígbà tó bá di ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà á tún wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà lórí. Ohun tó kọjá ṣáájú wà nínú orí rẹ̀ digbí. Tàná ni kò dúró.

Ìdánwò ìdánrawò wá dé. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, obìnrin tó sanra, tó ti jókòó nínú kíláàsì Bàbá Fúlísítọ́ọ̀pù nígbà tó wà lọ́mọdé, kó ìwé wọn jọ, ó kà á, ojú rẹ̀ ranko. Wọ́n ní kí wọ́n ròyìn ìrìn-àjò kan. Ohun tí wọ́n kọ ni pé ọkùnrin náà jáde. Ọkùnrin náà rìn. Ọkùnrin náà dé. Ọkùnrin náà sùn. Kò sí gbólóhùn kan tó so mọ́ èkejì, ìwọ̀nba kọ́mà tó sì wà níbẹ̀, ibi tí kò yẹ ló wà. Ìṣirò wọn náà kò dára, torí a ti jí àkókò rẹ̀. Kò wá sí ọ̀gá àgbà lọ́kàn rárá pé tísà ló lẹ́jọ́. Tísà wo? Tísà tí òun fúnra rẹ̀ kì í lè jókòó bó bá wà lórí ìdúró? Ó ní ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ náà, aláìmoore ni wọ́n, wọ́n ń jókòó síwájú irú tísà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n máa sùn. Ó ní kí wọ́n máa ro pápá nínú oòrùn lásìkò ìsinmi, òun kò sì ní fi orúkọ ìkankan wọn ránṣẹ́ fún ìdánwò àṣejáde. Wọ́n á tún kíláàsì náà ṣe.

Àwọn ọmọ gbé ọkọ́. Kò sí ẹni tó la ẹnu. Olórí kíláàsì ọlọ́rùn gígùn yẹn ló wà níwájú, ó ń ro ó lọ, òógùn ń kán sílẹ̀ láti àgbọ̀n rẹ̀, ó wo Àǹtí Ìṣirò lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún tẹ̀ mọ́ ọkọ́ rẹ̀.

Bàbá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó fọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn.

"Kí ni àwọn ọmọ yìí ṣe?"

"Wọ́n ní wọn ò mọ̀wé, sà."

"Irọ́ ni. Ọmọ dáadáa ni wọ́n, ó hàn lójú wọn." Ó mi orí. "Kí wọ́n ní sùúrù fún wọn. Ọ̀la ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn."

Ó wọlé padà. Àǹtí Ìṣirò dúró síbẹ̀ títí omijé fi lé ròrò sójú rẹ̀, ó nù ún, ó sì lọ sí ọ́fíìsì.

Wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ dé ọjà; ilé gan-an ló dojú rẹ̀ kọ. Ó ní, "Ẹ má fìyà jẹ àwọn ọmọ yẹn mọ́, mà. Bàbá mi ni. Bàbá mi ò rántí mọ́." Ọ̀gá àgbà ní kí ni wọn ò rántí. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, látorí "The man" dé orí àwọn tó ń pín àṣìṣe. Ọ̀gá àgbà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì sunkún bí ọmọdé, aláṣẹ tí gbogbo ilé-ìwé ń bẹ̀rù.

"Láti ìgbà tí mo ti débí, mo ń kọjá lójú fèrèsé wọn lójoojúmọ́," ló wí. "Mo máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn, ọkàn mi á balẹ̀. Mi ò dúró gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ rí."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni Àǹtí Ìṣirò bẹ̀ ẹ́, "ẹ má jẹ́ kí bàbá mi mọ̀ pé èmi ni."

Wọ́n pe bàbá lọ́jọ́ kejì. Ẹni bá ti gbé pẹ̀lú irú àìsàn yìí á mọ̀ pé ó ní ọjọ́ tó máa ń ṣíjú àánú woni, ọjọ́ tí orí onítọ̀hún á pé bí ti àtijọ́. Ọjọ́ tí wọ́n pe bàbá gan-an ni àánú ọ̀hún wá. Ó wọlé pẹ̀lú fìlà tó tò sórí dáadáa, ó kí ọ̀gá àgbà, ó wo ojú rẹ̀ tó ti wú, ó sì wo ojú ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó mọ̀ pé nǹkan wà ńlẹ̀. Ọ̀gá àgbà kúnlẹ̀ kó tó sọ ọ́.

"Sà, ó tó àsìkò kẹ́ ẹ lọ sinmi."

Bàbá fa àga, ó jókòó. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé orí mi ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Mo máa ń dé iwájú àwọn ọmọ yẹn láàárọ̀, mi ò mọ ìkankan nínú wọn." Ó wo ọ̀gá àgbà lójú. "Ta ló sọ fún yín?"

"A fojú ara wa rí i ni, sà."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o mọ̀ sí i?"

Gbogbo ohun tó yẹ kó sọ ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ká ní ó sọ ọ́ nígbà náà ni, bóyá bàbá á bínú, bóyá á dárí jì í, ọ̀rọ̀ á sì tán láàárín àwọn méjèèjì nígbà tí orí ṣì pé. Ṣùgbọ́n ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ojú bàbá rẹ̀ sì ń bẹ̀ ẹ́.

"Mi ò mọ̀ sí i, sà."

"Mo mọ̀," ni bàbá wí. "O ò ní ṣe irú ẹ̀ sí mi láé."

Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà pé ó ṣeun, ó tọrọ pé kí wọ́n má jẹ́ kí àwọn ọmọ ro pápá mọ́, ó sì lọ sílé ní òun nìkan, kò dúró de ẹni tó ń bá a gbé àpò.

Nígbà tí kò sí tísà mìíràn, Àǹtí Ìṣirò ni wọ́n gbé kíláàsì náà lé lọ́wọ́ títí wọ́n á fi rí ẹlòmíràn. Ó kó gbogbo ìwé bàbá rẹ̀ ka iwájú, ó ń kọ́ ọ kó tó kọ́ wọn. Ọ̀gá àgbà ti dá orúkọ àwọn ọmọ náà padà fún ìdánwò, wọ́n sì ń sáré bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Wọ́n gbọ́n, wọ́n ń gbà á. Ṣùgbọ́n wọn kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ ní ìdí gbólóhùn, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó sì rọra gbé e kalẹ̀.

Nílé, bàbá ń lọ sílẹ̀ kíákíá, bí ògiri tí wọ́n yọ òpó ìdí rẹ̀. Ìyá aránṣọ tó ń gbé ní ilé kejì ló gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn kó lè máa fojú sí i. Ó ní bàbá ò yọ òun lẹ́nu rárá. Wọ́n kàn máa ń wọṣọ láàárọ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa dúró de ẹni tó máa bá wọn gbé àpò. Bí Àǹtí Ìṣirò bá dé lọ́sàn-án, bàbá á wò ó, á rẹ́rìn-ín, á pè é ní orúkọ ìyá rẹ̀. Òun náà á jẹ́ ẹ. Ó ń dúró de ọjọ́ tí orí bàbá á tún pé, kó lè kúnlẹ̀ kó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un. Ó ti múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀. Ọjọ́ náà kò dé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá aránṣọ lọ pọnmi, bàbá sì dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ọ̀nà tí orí rẹ̀ ti gbàgbé. Àǹtí Ìṣirò ń kọ̀wé sójú pátákó nígbà tó gbọ́ tí gbogbo kíláàsì dìde lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Ó yíjú. Bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà, fìlà lórí, sálúbàtà ilé lẹ́sẹ̀.

"Ẹ jókòó, ẹ jókòó," ló ń wí fún àwọn ọmọ. "Ẹ má jẹ́ n dí tísà yín lọ́wọ́." Ó wo ọmọ rẹ̀, ó tẹrí ba díẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Tísà. Tí kò bá ní ni yín lára, mo fẹ́ jókòó gbọ́ díẹ̀."

Láti ọjọ́ tó ti dáyé, bàbá rẹ̀ kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí. Ó gbọ́ ọ, ó sì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Kódà nígbà tí bàbá ń pè é ní orúkọ ìyá rẹ̀, ará ilé rẹ̀ ló ṣì ń pè. Nísinsìnyí, àlejò ni. Ó di tábìlì mú.

"Ẹ jókòó, sà," ló wí. "Kò sí wàhálà."

Olórí kíláàsì sún, bàbá jókòó tì í lórí àga gígùn, orúnkún rẹ̀ ga ju tábìlì lọ. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu; ṣùgbọ́n òkété á mọ̀ pé ọmọ òun ni. Àǹtí Ìṣirò ń kọ́ni lọ. Ó ní kí wọ́n fún òun ní gbólóhùn tó ní kọ́mà nínú. Ọwọ́ bàbá ló kọ́kọ́ sọ sókè. Gbogbo ọmọ tó ti na tiwọn ló sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ẹ̀yin, sà."

Bàbá dìde. "When the man came," ló wí, ó fa èémí, èjìká gbogbo kíláàsì gòkè pẹ̀lú tirẹ̀, "we stood." Ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, sálúbàtà kò dún. Ó jókòó.

Àǹtí Ìṣirò kọ ọ́ sójú pátákó fún un. Lẹ́tà rẹ̀ wọ́, ṣùgbọ́n gbólóhùn náà pé, kò sì sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀.

Nígbà tí agogo ìsinmi lù, àwọn ọmọ rọra jáde, bàbá kò dìde. Ó ju ọwọ́ sí Àǹtí Ìṣirò pé kó wá jókòó. Ó jókòó sí àyè tí ọmọ ọlọ́rùn gígùn fi sílẹ̀.

"Ẹ mọ iṣẹ́ yìí," ni bàbá wí. "Èmi náà ṣe é rí. Níbí gan-an. Wọ́n ní kí n lọ sinmi. Wọ́n ní àwọn fojú ara wọn rí i, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹnì kan ló sọ fún wọn pé mi ò rántí nǹkan mọ́."

"Ẹ bínú sí ẹni náà, sà?"

"Rárá o. Àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀wé. Ká ní èmi ni, màá sọ ọ́." Ó wo ẹ̀yìn fún ẹni tó ń gbọ́, ó sọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún. Mo ní ọmọbìnrin kan. Òun náà ń kọ́ni níbí, ìṣirò ni tiẹ̀. Kò mọ nǹkan kan sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo gbàgbé nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé ìyẹn: mo bi í, ó ní òun ò mọ̀, ọmọ yẹn kì í sì í parọ́ fún mi. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó sọ ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, kó má jẹ́ kí ọmọ mi gbọ́ pé òun ni. Ọmọ yẹn fẹ́ràn mi jù. Kò ní lè dárí jì í láéláé."

Àǹtí Ìṣirò yíjú sí fèrèsé. Níta, àwọn ọmọ ń ṣeré, ẹnì kan ń bi ìkejì rẹ̀ ní ìbéèrè ìdánwò.

"Ẹ máa bá mi sọ fún un?" ni bàbá tún wí.

"Màá sọ fún un, sà."

Bàbá dúpẹ́. Ó fọwọ́ lu ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí àgbà ti ń ṣe fún ẹni tó ṣe é lóore, ó sì ní kó dìde, kó lọ nu pátákó kí àwọn ọmọ tó padà wọlé.